Wàláà, Fóònù àti Etí Ààfáà

  

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín jíròrò nínú ìwé ọdọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń wọ inú kíláàsì kéwú. Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kan máa ń bi àwa olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá wá san owó ọmọ: "Ààfáà, ẹ má bínú o, kí la tún ń san owó kéwú fún nígbà tí gbogbo Àlùkùránì wà nínú fóònù?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọn yóò kàn dá ọmọ dúró sílé, wọn yóò ra dátà fún un, ó parí. Àwọn kan sì tún wà nínú jámáà wa tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí gbà pé ilé-kéwú tí kò bá ní tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ǹfẹ̀ lára ògiri ti di ti ayé àtijọ́, wọ́n sì ń dá a lábàá pé kí á dáwó rà á. Mo bọ̀wọ̀ fún ìhà méjèèjì, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbàgbé. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú kíláàsì kéwú ni etí ààfáà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ti ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì dé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Bí a bá kírun Alásárì tán, tí a sì ní láti tú wọn sílẹ̀ kí Mọ̀gàríbì tó wọlé, wákàtí 2 ló kù ní ọwọ́ wa, ìyẹn ìṣẹ́jú 120. Bí ọmọ 40 bá jókòó níwájú ààfáà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 3 péré ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ààfáà bá dúró bá ọmọ kan wí, inú ìṣẹ́jú ẹlòmíràn ló ti ń mú un. Bí òjò bá rọ̀, tí ojú ọ̀nà Badagry dí, tí ìdajì àwọn ọmọ pẹ́ dé, ìyẹn náà ti bù nínú rẹ̀.

Kí ni ìṣẹ́jú 3 lè ṣe? Àlùkùránì tí ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd ní Mẹ̀dínà ń tẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ní nílé, ojú ewé 604 ni, ìlà 15 ló sì wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé náà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa yóò lo bí ìṣẹ́jú 2 sí 3 lórí ojú ewé kan. Èyí já sí pé ìṣẹ́jú 3 tó fún ẹni tí kò ṣì í rárá láti ka ojú ewé kan. Ọmọ tí kì í ṣì í kò sì sí nínú àwọn tí ń wá sí ilé-kéwú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá ní ohun tí yóò mú un ṣì í. Èdè Lárúbáwá ní ohùn méjì tí etí Yorùbá ń gbọ́ bí "h" kan ṣoṣo. Ọ̀kan rọra jáde pẹ̀lú èémí, èkejì ń ti àárín ọ̀fun wá. Ó ní "sín" àti "sọ́dù" tí àwa máa ń sọ di ọ̀kan. Ó ní ohùn tí a gbọ́dọ̀ yọ orí ahọ́n sí àárín eyín kí a tó lè pè é, ọmọ wa yóò sì pè é bí "s" tàbí "d" ní ìrọ̀rùn rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo olùkọ́ kéwú mọ̀. "Qalb" ni ọkàn, "kalb" ni ajá. Ẹ̀yìn ahọ́n lọ́hùn-ún ni àkọ́kọ́ ti ń wá, èkejì sì sún síwájú díẹ̀. Ọmọ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè máa tọrọ kí Ọlọ́hun tún ọkàn òun ṣe, kí ó jẹ́ pé ajá ló ń dárúkọ.

Ohun tí ó le níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kò gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀. Ohun tí ẹnu ti mọ́ lára ni etí ń gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ohùn alùkùráánì tó gbóná jù lọ ní ilẹ̀ Íjíbítì nígbà ọgọ́rùn-ún, tí ó sì tẹ̀ lé e nígbà ọgọ́rùn-ún, ó lè máa tún àṣìṣe kan náà ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Ó di ìgbà tí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n bá jókòó síwájú rẹ̀, tí ó wo ètè rẹ̀, tí ó ní, "Ó tì, fa ahọ́n yẹn sẹ́yìn, tún un pè."

Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ni Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ti gba Àlùkùránì lọ́dọ̀ Jíbúrílù, wọ́n sì máa ń jọ ṣe àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní oṣù Ramadan kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn láyé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há a sórí kú sí ogun Yamama ni Abu Bakr gbà kí wọ́n kó o jọ sójú kan ní àkọsílẹ̀. Nígbà ìjọba Uthman, wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n rán lọ. Àwọn tí yóò máa kà á fún àwọn ènìyàn bá ìwé lọ. Lẹ́yìn náà ni Abu al-Aswad ad-Du'ali àti àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì sí i, kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Lárúbáwá má baà máa ṣì í kà. Ẹ ò rí i pé àwọn àmì kéékèèké tí ọmọ ilé-kéwú ń kọ́ lónìí, ọgbọ́n ìgbàlódé ni wọ́n jẹ́ nígbà tiwọn. Ààfáà kò sì torí wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kí á wá sí ilé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ọ̀dọ̀ọ́ yóò máa gbọ́ orúkọ wàláà lẹ́nu bàbá àgbà wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì fojú rí i. Pákó pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n fá tí ó dán. Ààfáà yóò fi gègé kọ ẹ̀kọ́ ọmọ sí i lára pẹ̀lú tàdáwà, ọmọ yóò gbé e lé itan, yóò máa kà á, yóò máa mi síwá sẹ́yìn. Àyè tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀. Ìlà díẹ̀ ni yóò gbà. Bí ọmọ bá sì fẹ́ ẹ̀kọ́ tuntun, ó ní láti fọ ti àtijọ́ kúrò, kò sì sí ààfáà tí yóò jẹ́ kí ó fọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ó ti kà á sí òun létí, láìwo wàláà, tí ó sì gún régé. Àwa máa ń fi wàláà ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí bí ohun ìgbà àìlajú, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fọ̀ kò sí mọ́ níbikíbi àyàfi inú orí ọmọ. Kò sí bí ó ṣe lè fo ẹsẹ̀ kan, kò sì sí bí ó ṣe lè sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n nígbà tí òun kò mọ̀ ọ́n. Ní ti ìṣẹ́jú 3 tí mo ń wí, àwọn àgbà ní ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Ọmọ kéwú tí ó ti jìnnà ni yóò máa gbọ́ ti àwọn kékeré, ààfáà á sì gbọ́ ti àwọn tí ó jìnnà.

Mi ò sọ pé kí á padà sí wàláà o. Ilé-kéwú ayé àtijọ́ ní àléébù tirẹ̀. Pàṣán pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ọmọ lè lo ọdún méje kí ó parí Àlùkùránì láìmọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tí yóò fi hàn ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Shaykh Adam Abdullah al-Ilori fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1952 ni ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955. Kíláàsì ni wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀, lórí àga, níwájú pátákó ìkọ̀wé, pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí. Ọdún 1992 ni Shaykh náà jáde láyé, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Mélòó nínú àwọn ilé-kéwú Èkó ni kò tẹ̀ lé ìlànà yẹn? Tiwa náà ń bẹ nínú wọn. Láti inú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lè ka ìwé Lárúbáwá kí wọ́n sì fi kọ lẹ́tà ti jáde.

Ṣùgbọ́n pátákó ìkọ̀wé náà mú nǹkan kan lọ nígbà tó mú nǹkan wá. Nígbà tí ààfáà bá kọ ẹsẹ kan sára pátákó, tí ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ọmọ 40 yóò pa ohùn pọ̀, gbogbo àdúgbò á mì. Ó dùn mọ́ àwọn tó ń kọjá lọ. Ẹni tó bá rọra rìn lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò mọ̀ pé ọmọ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lọ lè jẹ́ ẹni tí ó kàn ń la ẹnu, tí ó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe ẹnì kan kì í yọ láàárín ohùn ogójì.

Lẹ́yìn pátákó ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ní ọdún 1961 ni wọ́n gba odindi Àlùkùránì sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Cairo, ní ohùn Shaykh Mahmud Khalil al-Husary, ní ọ̀nà kíkà tí wọ́n ń pè ní murattal. Ní ọdún 1964 ni Íjíbítì dá ilé-iṣẹ́ rédíò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Àlùkùránì sílẹ̀. Àwọn Alhaji wa ń ra kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti Mẹ́kà, kò sì pẹ́ tí ó fi kún àwọn ọjà Èkó. Àǹfààní ńlá ni, nítorí ohùn tí ènìyàn ì bá rìnrìn-àjò lọ gbọ́ ti wọ ilé. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ní ẹnu, kò ní etí.

Agbègbè wa yìí kì í pẹ́ kí ó tó rí ẹ̀rọ tuntun. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ọgbà Trade Fair fún pàtẹ ọjà àgbáyé, ọdún náà gan-an tí àjọ̀dún FESTAC fún Festac Town ní orúkọ. Ọjà Alaba tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kò jìnnà sí wa. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ti olówó ni. Lónìí, ìyá tó ń ta ọjà ní BBA tàbí ní ASPAMDA ní èyí tí ó lè gbé odindi Àlùkùránì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, àti ohùn àwọn alùkùráánì tí kò lóǹkà. Ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sẹ́yìn ọjà, yóò máa gbọ́ ẹsẹ kan ní àgbọ́túngbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe èyí dáadáa. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ yí i sẹ́yìn rí láti wá ẹsẹ kan mọ ohun tí mo ń sọ.

Àǹfààní tó ga jù lára fóònù kò sí lára ohùn tó ń jáde. Ó wà lára ohùn tó ń wọlé. Ọdún 2020 ló kọ́ wa. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba ti ilé-ìwé ní oṣù March, tí mọ́sáláṣí pàápàá wà ní títì, ọ̀pọ̀ ilé-kéwú kò mọ ohun tí wọn ó ṣe. Níbi tí wọ́n ti rí ọgbọ́n dá, ọmọ yóò ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú WhatsApp, yóò fi ránṣẹ́, ààfáà yóò fetí sí i nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, yóò sì fi ohùn dá a lóhùn: "Ẹsẹ kẹta, o fa ohùn gùn jù." Ìṣẹ́jú 3 yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí gùn sí i. Bàbá tí ìdíwọ́ ọkọ̀ há mọ́ Mile 2 lè gbọ́ kéwú ọmọ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yani lẹ́nu pé nígbà tí ilé-ìwé ṣí padà, ọ̀pọ̀ wa sọ ọgbọ́n yìí nù, a sì di èyí tí kò wúlò mú, ìyẹn fífún ọmọ ní fóònù láìsí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tó kà.

Nítorí fóònù kò dà bí wàláà. Kò ṣe é fọ̀. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ọmọ kò rí ìdí tí yóò fi há a sórí. Ó ń kà á láti ojú fóònù, bí bátìrì bá ti kú, súrà náà kú. Mi ò tíì mẹ́nu kan géèmù àti fídíò tí ìka kan ṣoṣo yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ibi tí Àlùkùránì wà. Mo mọ̀ pé ètò orí fóònù kan ti wà báyìí tí ó ń fetí sí ẹni tó ń kàwé, tí ó sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí ó fò. Ó dára, ẹni tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò lè lò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì mọ ibi tí ahọ́n ń gbé, ààfáà ni kí ẹ mú un lọ bá.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, mo fẹ́ kí jámáà wa rò ó wò dáadáa. Kí ni yóò ṣe tí pátákó ìkọ̀wé kò ti ń ṣe? Àwòrán rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ yóò ní àwọ̀, àwọn ọmọ yóò sì pa ohùn pọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ogójì ẹnu, etí kan. Iná mànàmáná kò dúró lójú kan ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ la ó máa tàn sí i, gbogbo wa la sì mọ ohun tí owó epo dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù May 2023. Ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn pàápàá yóò tún bo ohùn tí ààfáà fẹ́ gbọ́. Owó kan náà, bí a bá fi gba ààfáà kejì fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà, ọmọ 20 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 3 yóò sì di 6.

Ibì kan wà tí mo ti fara mọ́ ríra ẹ̀rọ láìjanpata, ìyẹn kíláàsì àwọn àgbà. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ọ́ di dandan pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì yóò ti ṣe ìdánwò wọn. Ọmọ wa tó fẹ́ lọ kọ́ èdè Lárúbáwá tàbí òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì kò lè bọ́ níbẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè túmọ̀ ojú ewé Lárúbáwá kan láìdánudúró, tí ó wá ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, tí àkókò sì ń lọ. Ìmọ̀ rẹ̀ kò dín, ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà méjì tó ṣeé fi tẹ Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, kódà kí ó jẹ́ àlòkù, yóò ran irú wọn lọ́wọ́ ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí fóònù bá wà nílé, ẹ bá wa fi ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀la ní ìgbà márùn-ún ní alẹ́, kí ẹ wá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ka ohun tó gbọ́ láìwo ibì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Lárúbáwá, ẹ má sọ pé ẹ kò lè ṣe é. Ẹ ó mọ̀ bí ọmọ bá dúró tàbí bí ó bá ń kálòlò. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí dé kíláàsì, ìṣẹ́jú 3 ààfáà yóò tó o, nítorí àtúnṣe nìkan la ó máa fi ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì òkè, ẹ̀yin ni ọmọ kéwú àgbà ti ayé ìsinsìnyí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ti ọmọ kékeré méjì méjì kí ààfáà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ti fi iṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ owó tẹlifíṣọ̀n ṣì ń bọ̀ wá sí ìpàdé àwọn òbí ní sáà tó ń bọ̀. Èmi yóò dìde níbẹ̀, n ó sì béèrè pé kí á kọ́kọ́ ya owó oṣù ààfáà kejì fún odindi ọdún kan sọ́tọ̀, kí á fi èyí tó bá ṣẹ́kù wá kọ̀ǹpútà àlòkù méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní wàláà bàbá rẹ̀ nínú àjà, kí ó jọ̀wọ́ gbé e dání wá lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ rí i.